Mọ́tò Tíṣà Ọ̀pádọ̀tun

Ọjọ́ kejì tí Tahirah ra mọ́tò náà ló tó mọ̀ pé mọ́tò nìkan kọ́ lòun rà. Ó ń ti ilé rẹ̀ ní Fìdítì bọ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlọra, oòrùn kò tíì mú. Bó ṣe yọ sí títì báyìí ni ọkùnrin kan tó ń to ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe pé, "Tíṣà! Ẹ kú ìrìn o!"

Inú Tahirah dùn. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti dé ìlú náà, kò sì sí ẹni tó kí i tọ̀yàyà tọ̀yàyà báyìí rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì yíjú padà sí ọsàn rẹ̀.

Kí Tahirah tó débi iṣẹ́, ẹni mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọmọ Ṣakí ni Tahirah, nọ́ọ̀sì ni, ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ìbàdàn ló ti lọ́kọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ kò dé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó mìíràn wọlé, tí ìyẹn sì bí ìbejì, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn kọ̀wé síbi iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé òun kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlọra. Fìdítì ló ti rí ilé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, yàrá kan àti pálọ̀, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èèyàn dáadáa ni àwọn ará ilé. Wọ́n á máa kí i, "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀," "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú alẹ́," ó parí. Ọ̀rọ̀ mìíràn kì í tẹ̀lé e, àfi bí ara ọmọ wọn bá gbóná.

Ikrimah, àkọ́bí olóògbé tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀, ló tà á fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀, Tíṣà Ọ̀pádọ̀tun, fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Kò tíì ju oṣù kan lọ tí bàbá náà kú tí Ikrimah fi wá oníbàárà, torí pé Àbújá ló ń gbé, ó sì fẹ́ tètè padà. Mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, aláwọ̀ eérú, ó ti lé ní ogún ọdún lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ inú rẹ̀ mọ́ bí yàrá ìyàwó tuntun.

"Ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀, mà," ni Ikrimah wí bó ṣe ń fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Bàbá wa ò fi í ṣeré rárá."

Kò sọ fún Tahirah pé gbogbo ìlú ló mọ mọ́tò náà bí ẹni mọ owó. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, ìkíni ti dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn ti mọ̀ pé Tíṣà kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ lókèèrè, ńṣe ni wọ́n á máa wo ibòmíràn.

Fatihah wà níbi iṣẹ́, òun àti Tahirah ni wọ́n jọ máa ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fìdítì ni òun náà ń gbé, ọ̀kadà ló ń gùn wá. Tahirah ní kí àwọn jọ máa lọ, kí àwọn jọ máa bọ̀. Fatihah wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ yà ra nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Tíṣà ló kọ́ mi níléèwé. Bí mo bá ti jókòó sínú mọ́tò yẹn, ara mi kì í balẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè."

"Kò burú," ni Tahirah wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àga márùn-ún, èèyàn kan. Á gbé báàgì rẹ̀ sórí àga iwájú, á gbé ohùn rédíò sókè, á sì máa lọ. Lọ́jọ́ mìíràn á gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, má dá mi dúró lónìí o." Mọ́tò ló ń bẹ̀.

Ó nídìí tó fi ń bẹ̀ ẹ́. Láti oṣù kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò náà á máa lọ geere, àmọ́ bó bá fi lè dúró pẹ́ díẹ̀, bóyá níbi tí títì ti bàjẹ́ tí ọkọ̀ ti tò, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí Tahirah tó ríbi yà sí, èéfín á ti máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á sọ̀ kalẹ̀, á dúró sétí títì pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, á máa retí kó tutù. Nígbà mìíràn ọlọ́kadà kan á dúró, á wo mọ́tò náà láti òkè délẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe mọ́tò Tíṣà nìyí? Ó mà ṣe o. Kì í ṣe báyìí nígbà ayé wọn."

Á mi orí, á máa lọ.

Mẹkáníìkì tí wọ́n júwe fún un ní Ìlọra ń jẹ́ Sìrájù. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í purọ́. Bí kò bá mọ nǹkan, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Ó tú rédíétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ó tún gbóná. Ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, pàbó ló já sí.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ló wí lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, "bẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi báyìí, kò ní ṣe nǹkan kan. Á kàn máa wò mí ni. Ó dà bí aláìsàn tí ara rẹ̀ máa ń yá tó bá ti rójú dókítà."

Tahirah mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò mọ oògùn wọn. Ó ra kẹ́ẹ̀gì omi méjì sínú búùtù, ó sì ń fi ọgbọ́n gun mọ́tò rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ń fọ mọ́tò náà níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin àgbà kan tó dúró ní òdìkejì gọ́tà, ó wọ hìjáàbù, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò wo Tahirah. Mọ́tò ló ń wò.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Tahirah kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì tó ra mọ́tò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ni Ìyá Ikrimah."

Tahirah rò pé ìjà ẹbí ló dé. Ó ti ń ro ibi tó kó ìwé tí Ikrimah fọwọ́ sí pa mọ́ sí.

"Mi ò bá tìjà wá," ni obìnrin náà wí. "Inú opó ni mo wà nígbà tí wọ́n tà á. Mo wà ní yàrá, mo gbọ́ nígbà tó jáde, mo mọ ohùn ẹ̀. Mo rò pé Ikrimah fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ni. Mo ń retí kó padà. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà tó wá sọ fún mi." Ó tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe. "Àná ni mo pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ibi àkọ́kọ́ tí mo máa yà nìyí."

Tahirah ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n mu omi.

"Rárá, o ṣeun. Ṣé mo lè jókòó sínú ẹ̀? Kò ní pẹ́."

Iwájú ló wọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Kò wolẹ̀ kó tó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa irin kan, àga náà sún síwájú. Láti ìgbà tí Tahirah ti ra mọ́tò, kò mọ̀ pé àga yẹn ń sún. Ìyá Ikrimah gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo iwájú. Tahirah kò mọ̀ bóyá kí òun máa fọ mọ́tò lọ ni, àbí kí òun wọlé kí òun fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà wọ inú mọ́tò, ó jókòó sídìí ọkọ̀. Omi ọṣẹ ń ṣàn wálẹ̀ lórí gíláàsì. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ.

Tahirah ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ó máa ń gbóná, mà."

Ìyá Ikrimah yíjú sí i. "Ẹ́ńjìnnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Sìrájù ti ṣe é títí, ó sú u."

"Ṣáná sí i. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gba títì Ìlọra. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, Ìyá Ikrimah ní kó yà sétí títì, kó má pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dúró. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Tahirah sì ti gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́. Obìnrin àgbà náà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí.

"Fáànù ò dún," ló wí. "Ó yẹ kó ti máa dún báyìí. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣé o ní sípánà?"

Tahirah mú sípánà táyà wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, àpótí dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìyá Ikrimah fi ìdí sípánà kàn án lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Lójú ẹsẹ̀ ni fáànù bú, ó ń yí fùù. Nígbà tí Tahirah sáré padà síwájú sítíárìn, abẹ́rẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Òun ló ń tan fáànù. Bàbá Ikrimah máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni," ni Ìyá Ikrimah wí. "Èyí tó kẹ́yìn ni wọn ò rí ra kí àìsàn tó dá wọn wó. Wọ́n á kàn án, a ó máa lọ."

"Mà, ṣé ẹ mọ mọ́tò wà ni?"

"Mi ò di sítíárìn mú rí láyé mi. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó lé lógún ọdún. Etí ò ṣe é tì."

Ọ̀dọ̀ Sìrájù ni wọ́n gbà lọ. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pátápátá sórí ilẹ̀ tí epo ti bàjẹ́. "Màmá, ẹ wá gba ṣọ́ọ̀bù yìí o! Ẹ jẹ́ kí n máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín." Ó pààrọ̀ àpótí dúdú náà. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́tò kò gbóná mọ́.

Sátidé wá di ọjọ́ wọn. Ìyá Ikrimah á dé pẹ̀lú àkàrà gbígbóná nínú ìwé, wọn á jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, nítorí pé ibẹ̀ ló ti máa ń dùn mọ́ ọn jù. Ó kọ́ Tahirah pé nígbà ọyẹ́, kó má kàn ṣáná wùyà, kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kó ní sùúrù. Ó sọ fún un ìdí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kì í fi í ṣí láti inú: Ikrimah ló ki igi bọ̀ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, Tíṣà sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà má baà já bọ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á lọ ra gàrí ní Akínmọ̀ọ́rìn. Wọ́n á yà sí Awẹ́ lọ kí àbúrò Ìyá Ikrimah. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́wọ́ sókè: "Ìyá Ikrimah, ẹ kú ìrìn o!" Àwọn mìíràn á fi kún un pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú wọn."

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ti Awẹ́ bọ̀ ni Tahirah sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo agbègbè náà. Ó sọ ti ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sọ ti ìbejì, ó ń retí kí obìnrin náà ní Ọlọ́run yóò ṣe é, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sọ.

Ìyá Ikrimah bi í pé, "Ta ló wá ń sè fún un báyìí?"

"Ìyàwó ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó mọ ọbẹ̀ sè?"

"Wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n."

"Àlùbáríkà!" ni Ìyá Ikrimah wí.

Ẹ̀rín pa Tahirah. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó yà sétí títì, ó gbé orí lé sítíárìn. Ìgbà tó yá, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ìyá Ikrimah fọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin ni Tahirah sọ̀rọ̀ kan tó wá dà bíi pé kò yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀dà mọ́tò náà ti ń ṣí ní orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Mà, mo ń rò ó pé kí n kùn ún. Àwọ̀ ewé ló wù mí."

Ìyá Ikrimah wo ìta fèrèsé. "Mọ́tò ẹ ni," ló wí.

Kò bínú, ṣùgbọ́n kò tún sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi délé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá. Tahirah fọ mọ́tò, ó tún un fọ̀, ó ń wo òdìkejì gọ́tà. Kí ló dé tí òun kò pa ẹnu mọ́? Àwọ̀ eérú náà kò kúkú pa òun lára. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi mọ́tò sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wọn. Ó bá báàgì ńlá méjì lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, mà?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀?" Ìyá Ikrimah jókòó sórí àga ike, ó ń ká aṣọ. "Ikrimah ló ní kí n máa bọ̀ ní Àbújá. Ó ní mi ò lè máa dá gbé nínú ilé tó tóbi tó báyìí. Ó ń bọ̀ wá mú mi ní Wẹ́sìdé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ, ni mo fi jókòó sílé."

Tahirah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bá a ká aṣọ. Òun ló bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé wọn dé ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn.

Ikrimah jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì wà níwájú. Ìyá Ikrimah fọwọ́ kan gíláàsì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó fi ìka nu eruku orí rédíò.

"Màmá," ni Ikrimah wí láti ẹ̀yìn, "mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mọ́tò yìí tó báyìí."

"O ò bi mí."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ikrimah yíjú sí fèrèsé títí wọ́n fi wọ Mọníyà. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, Ikrimah fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò ṣí. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọdé títí Tahirah fi sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí i fún un láti ìta. Ikrimah kò lè wo ojú Tahirah.

"Máa wo omi ẹ̀ dáadáa," ni Ìyá Ikrimah wí, ó di ọwọ́ Tahirah mú.

"Mo gbọ́, mà."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ, Tahirah jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà pípẹ́ kó tó ṣáná. Ó dá nìkan gba gbogbo ọ̀nà náà padà sí Fìdítì. Kò tan rédíò.

Wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá Ikrimah ní wọ́n ń ṣe dáadáa sí òun, àwọn ọmọ ọmọ òun mọ̀wé, oúnjẹ wà. "Àmọ́ gbogbo wọn ló ń jáde láàárọ̀," ló wí, "kò sì sí èyí tó máa ní kí n wá ká jọ lọ." Lọ́jọ́ kan ó béèrè pé, "Ṣé o ti kùn ún?"

"Rárá, mà."

"Kí lò ń dúró dè? Ẹni tó ni ín ti lọ. Èmi náà ti lọ. Kùn ún, Tahirah, kó lè di tìẹ."

Ó kùn ún ní Ìlọra lọ́sẹ̀ náà, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Ó dára lójú. Sìrájù yí i po, ó ní bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. Tahirah ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ikrimah pé kó fi han ìyá rẹ̀. Ikrimah dáhùn pé ó dára gan-an. Kò sọ bóyá ó fi hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Nígbà mìíràn ọmọ ọmọ kan ló máa gbé fóònù, á ní Màmá ń sùn.

Nígbà tí òjò dé, wọ́n rán Tahirah lọ sí Ìmíní láti fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́. Àìsàn ń ṣe Fatihah lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló lọ. Iṣẹ́ pọ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan fún un ní àgbàdo sísè sínú ọ̀rá. Bó ṣe ń padà bọ̀, òjò ká a mọ́nà, irú èyí tí wáípà kò lè nu tán. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó pe Ìyá Ikrimah. Fóònù dún títí ó fi já. Ó tún un pè, ó tún dún títí. Ó gbé e sílẹ̀.

Òjò ń lù lórí mọ́tò, kò rí oko ẹ̀gẹ́ mọ́, kò rí títì. Ó mú àgbàdo kan, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ṣì gbóná nínú. Ó ronú pé ó yẹ kí òun lọ sí Ṣakí lọ wo àwọn èèyàn òun kí ọdún tó parí, ó pẹ́ tí òun ti dé ibẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ju ṣùkù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í.

Nígbà tí òjò fúyẹ́, ó fi ọwọ́ nu ooru tó bo gíláàsì láti inú. Títì ti hàn díẹ̀, omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó ṣáná, ó tan iná iwájú, ó sì rọra wọ ojú ọ̀nà, ó ń lọ sílé.